Ègbè Tó Ṣáájú Lílé

Ohùn Màmá Victoria ti ń há díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdúpẹ́ ìkórè ku ọ̀la. Bí àwọn ìyá ìjọ Ààyè-Èkìtì kò bá lè lé àwọn orin tó dá sílẹ̀ láìsí òun, orin á bá ohùn lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí Bùsáyọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn, fi kó wọn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìyá.

Wọ́n péjọ fún ìdánrawò. Ìyá Délé, tí yóò lé orin dípò Màmá, gbé fóònù súnmọ́jú, ó lé e:

"Olúwa ni o, a ò ní dákẹ́."

Àwọn elégbè ń wo ara wọn. Ó sọ̀kalẹ̀ sí ìlà tó kàn:

"Ta ló gbé wa dé ìkórè yìí o?"

"Ìyá Délé, ṣé kò sí o?" ni Màmá wí. "O ti dáhùn kí wọ́n tó bi ọ́."

"Ohun tí fóònù kọ ni mo kà, Màmá. Ẹ bá ọmọ yín wí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àyàfi Màmá. Ó ké sí Bùsáyọ̀, tó ti wálé fún ìkórè, ọmọ náà sì ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan.

"Màmá, níbi tí mo kó orin sí, mo to apá orin kọ̀ọ̀kan sí òpó tirẹ̀: òpó lílé ló ṣáájú, ègbè tẹ̀lé e, ìparí kẹ́yìn. Bí kọ̀ǹpútà ṣe kó wọn fún mi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́ di JSON, ìyẹn irú ìkọ̀wé tí fóònù ń gbà, mo dà á sínú àpò kan tí kì í rántí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Àpò yẹn ló tò wọ́n ní a, b, d: ègbè, ìparí tí í ṣe 'a ò ní dákẹ́', lílé."

"Ó ṣe é tún ṣe?"

"Ó ṣe é ṣe, Màmá. N kò ní dà á sápò mọ́. N óò máa mú òpó kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún fi í ránṣẹ́. Lílé bọ́ sókè, ègbè tẹ̀lé e, ìparí kẹ́yìn.

"O kú uṣẹ́, ọmọ mi," ni Màmá wí, ó sì gbá a mọ́ra tòun ti kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Ìyá Délé dìde, ó lé e: "Ta ló gbé wa dé ìkórè yìí o?" Láti ìgbà tí Màmá ti ń lé orin yìí, òun ló ń bi àwọn ènìyàn, kò sẹ́ni tó bi òun rí. Ó jókòó sáàárín àwọn elégbè, omi yọ lójú rẹ̀, ó sì fi ìwọ̀nba ohùn tó kù dáhùn:

"Olúwa ni o."