Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Lórí Fọ́ọ̀mù

“Níbo ni ìyókù rẹ̀ wà?” Wúlẹ̀mọ̀tù bi akọ̀wé réluwè.

Ọkùnrin náà tún wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. “Ìyá, kò sí ìyókù kankan. Àpótí kan ni wọ́n kọ síbí. Àpótí kan náà ló wà nílẹ̀ yìí.”

Obìnrin bí ogójì ló dúró ní ibùdó réluwè Ìfọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń retí mọ́tò ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́tà ti dé lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Èkó, pé ohun tí Ẹgbẹ́ Olùrànlọ́wọ́ Abiyamọ béèrè ti bọ́ sí i, réluwè ẹrù yóò sì gbé e dé lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ti gbálẹ̀ dè é. Àwọn ọkùnrin abúlé ti la ọ̀nà oko fẹ̀ kó lè wọlé. Hàkímù, ọmọ Ààrẹ ẹgbẹ́, tí yóò máa wà á, ti wọ ṣòkòtò tuntun.

Hàkímù yìí náà ló fi irin ṣí ìdérí àpótí. Ó kó koríko gbígbẹ kúrò, ó wo inú rẹ̀. Ọkọ́ ni. Ọkọ́ tuntun mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n fi gírísì pa kí ó má baà dípẹtà.

Láwàl télọ̀, tó wá wòran, ló kọ́kọ́ pariwo. “Ẹgbẹ́ abiyamọ! Ẹ gun orí rẹ̀ ká rí i! Hàkímù, ṣáná sí i! Fọn fèrè ẹ̀ ká gbọ́!”

Ẹ̀rín ta. Ìyá Hàkímù, Ààrẹ ẹgbẹ́, yíjú sí i. “Láwàl, ìyàwó tìẹ náà, èjìká èèyàn ni wọ́n fi gbé e jáde lóko. Àbí o ti gbàgbé?”

Láwàl kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wúlẹ̀mọ̀tù kò lè kúrò níbi tó dúró sí. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ti lé lógójì ọdún kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Ọdún tí ìjọba sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé di ọ̀fẹ́ lòun náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà, tó ń fún ara rẹ̀ sórí àga kékeré tí àwọn ọmọ náà bá fi sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbé Ròkíátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jáde láti oko ọkọ rẹ̀ lórí pákó ilẹ̀kùn. Máìlì mẹ́jọ ni oko náà sí Ìfọ̀. Wọn kò tíì rìn dé ìdajì tí ọmọ inú rẹ̀ fi kú. Àwọn awakọ̀ kì í wọ oko nítorí obìnrin tó ń rọbí; wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ á ba ẹrù àwọn jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta ti kìlọ̀ pé Ròkíátù kò gbọdọ̀ bímọ nílé mọ́ láé. Oyún mìíràn ti wà nínú rẹ̀ báyìí, ó sì ti wọ oṣù rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fọláwẹ̀mí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ wọn, mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí Wúlẹ̀mọ̀tù kọ ránṣẹ́ sí Èkó jáde nínú kíláàsì. Ìlà méjì péré ni Èkó fi sílẹ̀ fún wọn láti kọ nǹkan sí. Ohun èlò tí ẹgbẹ́ yín nílò jù: Ọkọ. Ìdí rẹ̀: Nítorí àwọn obìnrin tó wà lóko.

“Àmì dà?” Fọláwẹ̀mí béèrè.

“Àmì wo?”

“Àmì orí rẹ̀, Ìyá Ròkíátù. Ẹ kò fi sí i. Ẹni tó bá rí èyí, tó tún rí obìnrin oko nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ni kó rò?” Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí wa.”

Wúlẹ̀mọ̀tù ń wo ìwé náà.

“Kí ló dé tí ẹ kò kọ mọ́tò? Gbogbo Ìfọ̀ ló ń pè é ní mọ́tò.”

“Ìwọ lo kọ́ wa, Tíṣà. O ní mọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, pé ọkọ̀ ni Yorùbá gidi.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó mọ̀wé ló kọ ọ́.”

Fọláwẹ̀mí jókòó.

“Ṣé a lè tún kọ òmíràn?” Wúlẹ̀mọ̀tù bi í.

“Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fúnni. Ẹ gbọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká ní àwọn ará Èkó ló ṣì í kà.”

Ìgbà náà ni Ìyá Hàkímù wọlé. Kò jókòó. “Akọ̀wé, àwọn obìnrin ń bi mí. Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Wúlẹ̀mọ̀tù kúnlẹ̀. “Ẹ ní èmi ni, mà. Èmi ni mo ṣì í kọ. Ìlà kékeré kan ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Tó bá wálẹ̀, mọ́tò ni. Tó bá gòkè, ọkọ́ ni. N kò fi ìkankan sí i.”

“Ìlà kékeré?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ìyá àgbà náà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì wò ó pẹ́. “Ká ní èmi tí n kò mọ̀wé ni wọ́n bi,” ó wí, “mọ́tò ni ǹ bá sọ.” Ó rọra fi ìwé náà sórí tábìlì, ó jáde. Ì bá tẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù lọ́rùn ká ní ó bú òun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Wúlẹ̀mọ̀tù gba oko ọkọ Ròkíátù lọ. Ròkíátù jókòó níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú.

“Mọ́tò náà ńkọ́, Màámi?”

“Kò ní í wá mọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Ròkíátù kò béèrè bó ṣe bà á jẹ́. Ó fa ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. “Ẹ fọwọ́ kàn mí níbí. Láti àárọ̀ àná ni kò ti mira.”

Wúlẹ̀mọ̀tù fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó dúró. Ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún dúró.

“Bóyá ó ń sùn,” Ròkíátù wí.

“Bóyá.” Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. “Dìde. Níbo lo bọ́ bàtà rẹ sí?”

“Ibo là ń lọ?”

“Abẹ́òkúta. A ó fẹsẹ̀ rìn dé Ìfọ̀. Tí réluwè bá ti lọ, màá dúró láàrin títì. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á gbé wa, àbí kó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.”

“Màámi, tó bá jẹ́ pé kò sí ohun tí a fẹ́ lọ gbà là mọ́ ńkọ́?”

“Ìwọ ṣì wà,” Wúlẹ̀mọ̀tù wí. “Ìwọ ni mò ń mú lọ.”

Ó wá bàtà náà rí, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un. Ròkíátù gbé apá lé e léjìká. Kí wọ́n tó kúrò ní àgbàlá, ó ti dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì.