Ọtí Oṣù Kẹta

Àgọ́ ọlọ́tí náà gùn láti Múníìkì ní Jámánì dé Ìpetumodù, àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni mo gbé tí mo fi dé ìdí tábìlì mi. Oòrùn ọ̀sán oṣù kẹsàn-án ń ràn nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn fi apá kọ́ apá, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí oko àgbàdo nínú afẹ́fẹ́. Résì, obìnrin agbọ́tí tó ti ń gbé ọtí fún mi láti ọdún tí mo ti dé ìlú wọn, kó ife gíláàsì mẹ́wàá dání lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé méjì kalẹ̀ síwájú mi.

"Ta ló ni ìkejì?" ni mo bi í.

"Ìyá rẹ ni. Wọ́n ń fọwọ́ lọ́wọ́."

Màámi ti kú láti ọdún mọ́kànlélógún. Mo sún lórí bẹ́ǹṣì kí àyè lè gbà wọ́n.

Wọ́n wọlé lóòótọ́, wọ́n ń fi etí ìró nu ọwọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà lẹ́yìnkùlé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì àti tábìlì. Wọ́n ní kí n tètè dìde, pé ọtí kì í dúró de ìkíni.

Ife tèmi ló la òfin kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ dàbí ti akọ̀wé ilé ẹjọ́. "Ẹ ó fi ife kan ife kí ẹ tó mu. Bí ẹ bá ń kàn án, kí ojú wo ojú. Ẹni tó bá wo ilẹ̀, ọtí rẹ̀ á di omi, ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ mu ún á sì padà síbi tó ti wá."

Mo mọ àṣà ìlú wọn yẹn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti fi ń wo ojú ọ̀gá, tí mo ń wo ojú àna, tí mo ń wo ojú ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ojú màámi ni mi ò wò rí. Nílé wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà, ìgbátí ló ń gbà. Bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ìka ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò. Mo mọ ìka ẹsẹ̀ náà bí ẹni mọ ABD. Ìkejì gùn ju àtàǹpàkò lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi, ojú wọn ti ṣá níbẹ̀.

Ògiri àgọ́ ti di ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. Àgbá ọtí jókòó sórí ààrò, ó tutù, ó ń làágùn.

Màámi gbé ife tiwọn sókè sí oòrùn. "Ó mọ́ kedere. Àwọ̀ oyin." Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Ọkà yìí hù kí wọ́n tó sá a. Wọ́n yan án díẹ̀, kò sì jóná. Ẹni tó pọn ọ́n mọṣẹ́."

"Oṣù kẹta ni wọ́n pọn mí," ni ọtí náà wí. "Mo sùn sínú òtútù lábẹ́ ilẹ̀ di oṣù kẹsàn-án."

"Oṣù mẹ́fà! Tèmi, ọjọ́ kẹta ló ti ń kan." Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Àjàgbé, ṣebí ìwọ náà ní oṣù mẹ́fà lo fẹ́ lò lọ́hùn-ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, màámi."

"Ọtí yìí mọ oṣù kà jù ọ́ lọ."

Résì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo gbé ife sókè. Ojú mi lọ tààrà sí ìka ẹsẹ̀ wọn. Ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí omi láti ìsàlẹ̀ ife, ìka ẹsẹ̀ náà sì yí padà díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Àjàgbé."

"Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ wò yín lójú."

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi náà ni mo ní kí o wò mí."

Mo gbójú sókè. Àwọ̀ ọtí náà gan-an ni ẹyinjú wọn. Tòsì ní àmì dúdú kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí. Ife kan ife, ó dún bí agogo ilé ìwé ní àkókò ìṣeré, ọtí sì padà sí àwọ̀ rẹ̀.

A mu ún. Ìfófòó ló kọ́kọ́ kàn mí lẹ́nu, òtútù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èèpo búrẹ́dì gbígbóná, lẹ́yìn náà àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú látinú eérú. Ìkorò díẹ̀ dúró sí ìdí ahọ́n bíi ti orógbó, ó kí mi, ó sì lọ. Ẹnu mi mọ́ tónítóní, ó ń béèrè sí i.

"O ti dàgbà jù mí lọ," ni màámi wí. "Wo irùngbọ̀n funfun!"

"Tiyín náà ti hù, màámi."

Wọ́n fọwọ́ kan ìfófòó létè wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Omi náà rí bí oyin. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àgbá náà rù láìlo òṣùká, wọ́n bọ́ sínú oòrùn, wọ́n sì ń kiri, ohùn wọn gba gbogbo àdúgbò:

"Ó sùn sùn sùn, ó jí o! Ó sùn sùn sùn, ó jí o!"

Mo dáhùn pé mò ń bọ̀ wá rà, ni mo bá jí.