Katakata Bàbá Kò Dáhùn Mọ́

"Ẹ̀rọ kì í purọ́, èèyàn ni kì í gbọ́ ohun tó ń wí." Bí Àǹtí Ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó ń rojọ́ wótòwótò. Àǹtí Ẹ́ńjìnnì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Abẹ́ katakata bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ irun dídì. Àfi bí katakata yìí kan náà ṣe wá fẹ́ sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ nǹkan kan, lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ nílò rẹ̀ jù.

Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ bàbá. Tí òjò ńlá bá ti rọ̀ sí i, ẹsẹ̀ èèyàn gan-an á máa rì níbẹ̀, ká má tíì sọ táyà katakata. Onílẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: lọ́dún tó kọjá wọn ò ríbi túlẹ̀, tí òjò bá tún bá ilẹ̀ náà ní igbó lọ́tẹ̀ yìí, òun á gbà á padà. Bàbá ti ń dáko níbẹ̀ kí wọ́n tó bí àǹtí yìí. Kò ní òmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ojú ọ̀run ti ń ṣú bọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń wa katakata. Á túlẹ̀ lọ, á túlẹ̀ bọ̀, dáadáa ni. Kò ní pẹ́, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, á sì kú.

"Àǹtí mi, bàbá àgbà tún ti sùn o." Katakata ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Ẹnu tìẹ ṣá ni kì í sùn," ni àǹtí fi dá a lóhùn, ó sì ti gbé sípánà.

Ohun kan náà ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà tó bá kú. Á ṣí ìdérí táǹkì láti wò ó bóyá epo díísù ṣì wà. Díísù wà bámúbámú. Á gbé ìdérí lé orí táyà. Á tú nọ́ọ̀tù orí fílítà díẹ̀, á wá máa fi ọwọ́ fún pọ́ǹpù kékeré, ìyẹn èyí tó ń fa díísù jáde nínú táǹkì, títí èyí tó ń hó bí omi ọṣẹ á fi jáde tán, tí èyí tó mọ́ á máa ṣàn. Á dè é, á dé táǹkì padà. Wọ́n á taná sí i, ẹ́ńjìnnì á bú ramúramù, inú gbogbo wọn á dùn. Ìgbà díẹ̀ sí i, ó tún kú.

"Atẹ́gùn ló ń wọ̀ ọ́ níbì kan," ló wí. Ta ló máa bá a jiyàn? Ìgbà tó bá ti lé atẹ́gùn jáde ló ń ṣiṣẹ́. Ó pààrọ̀ fílítà. Ó pààrọ̀ rọ́bà tí díísù ń gbà kọjá àti gbogbo wáṣà rẹ̀. Ó yẹ ife kékeré tí omi inú díísù máa ń dúró sí wò, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ló dùn mọ́ ọn nínú. Omi òjò ló ba díísù jẹ́ lọ́dún tó kọjá, àǹtí ló sì fi ìbínú sọ ọ́ lójú bàbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí omi kán sínú táǹkì yìí mọ́ láyé yín." Bàbá kàn ń mi orí bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Ọ̀rọ̀ náà ti dun òun alára látìgbà náà.

Nígbà tó wá a títí tí kò rí i, ọkàn rẹ̀ lọ sórí pọ́ǹpù ńlá, èyí tó ń bu díísù fún ẹnu kọ̀ọ̀kan ẹ́ńjìnnì lásìkò rẹ̀. A kì í ṣí pọ́ǹpù yẹn nínú oko. Orí tábìlì tó mọ́ ni, nínú yàrá tí wọ́n ti ti fèrèsé rẹ̀, lẹ́yìn téèyàn bá ti fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Àwọn irin inú rẹ̀ bá ara wọn mu débi pé erùpẹ̀ tí ojú kò rí tó láti pa á. Àǹtí Ẹ́ńjìnnì mọ̀. Ó ti lé ẹni tó dán irú ẹ̀ wò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ká má ṣí i níta," ni àbúrò wí.

"Ṣé òjò á dúró dè wá ni?"

Àǹtí tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì tú pọ́ǹpù náà lé e. Bó ṣe tú u tán ni afẹ́fẹ́ òjò dé. Ó gbé erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ó dà á lé gèlè àti ohun tó wà lórí ẹ̀. Ó fi ara bò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó fi díísù ṣan irin kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún ṣan án, ó tò ó padà, àdúrà ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Taná sí i."

Ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan kan sì dún kọ̀ọ́ nínú pọ́ǹpù. Ó mọ ìró yẹn. Irin tó ń yí pọ́ǹpù ló ṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ ní káwọn tún gbìyànjú ẹ̀ wò.

"Ó tán," ni àǹtí wí.

Àbúrò wo ojú ọ̀run, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú fa díísù inú ẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì, kí òjò tó bá a níbí."

Àǹtí yọ rọ́bà ìdí táǹkì, ó tì í bọ kẹ́ẹ̀gì. Díísù ń ṣàn dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì ò tíì dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín bí òwú, ó ń kán tó, tó, ó sì dá. Bẹ́ẹ̀ táǹkì ò tíì gbẹ. Ó ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ìdérí fúnra rẹ̀. Bó ṣe tú u báyìí, ìdérí náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, díísù sì tú yàà nísàlẹ̀.

Ó yí ìdérí náà síwá sẹ́yìn. Ihò kékeré kan máa ń wà láàárín rẹ̀, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé rọ́pò díísù tó bá jáde. Ìda abẹ́là ló wà nínú ihò náà. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dán, ojú ìka náà ṣì hàn lórí ẹ̀.

Kì í ṣe atẹ́gùn tó wọlé ló ń pa á, èyí tí kò rí ọ̀nà wọlé ni. Ní gbogbo ìgbà tó ń kú yẹn, ìdérí tó ń ṣí láti wo díísù ló ń jí i. Òun ló ń gbé e lé táyà, òun náà ni kò wo ojú rẹ̀. Ohun tí abẹ́rẹ́ lásán ìbá tún ṣe, sípánà lòun fi bà á jẹ́. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ díísù.

Bàbá ń bọ̀ láti etí oko, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá mi," ló wí, bó ṣe máa ń pe àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn, "kí ló dé tí mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́?"

Àbúrò wo ìdérí, ó wo bàbá, ó la ẹnu. Àǹtí rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, àbúrò pa á dé.

"Pọ́ǹpù ti gbó, Bàbá. Ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán."

Bàbá wo igbó tó kù nílẹ̀. Ó wo ojú ọ̀run. Ó fọwọ́ pa katakata lára. "Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ gbó," ló wí. Ó wá béèrè pé, "Kì í ṣe omi ṣá?"

"Kì í ṣe omi, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ omi. Látìgbà tí o ti bá mi wí ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Mo rí ihò kan lórí ìdérí ẹ̀ lánàá, mo fi abẹ́là dí i. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, àléébù náà ò ní tọwọ́ mi wá."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá yára, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè yára mọ, ó gba ìdérí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé ẹnu táǹkì, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i pinpin.

"Kí omi má lọ wọ̀ ọ́," ló wí, ọmọ rẹ̀ sì jókòó sínú òjò, ó jẹ́ kó dé e.