Oògùn Ọjọ́ Jímọ̀

Ọdún kẹfà rèé tí Fawziyyah ti ń wá àgbàdo aládùn tí kòkòrò kò ní lè jẹ run. Ẹ̀yìn ilé Bàbá Táíyé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Àfá, ló ń gbìn ín sí. Ó pín ilẹ̀ náà sí méjì: apá kan ń gba ajílẹ̀ oníkẹ́míkà àti oògùn, apá kejì ń gba ìgbẹ́ adìyẹ nìkan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àpò bébà bo orí àgbàdo, tó ń gbọn lẹ́búlẹ́bú akọ sórí irun abo, kí ìran méjì tó yàn lè so pọ̀.

Lọ́dún yìí, àdàpọ̀ kan yọrí. Ó dùn bí ìrèké. Ní apá tí kò gba oògùn pàápàá, ewé rẹ̀ ń dán, kò ní ihò kan. Dókítà Ọlátúbọ̀sún, ọ̀gá rẹ̀ níléeṣẹ́ ìwádìí, ti ní kí àwọn àgbẹ̀ wá wò ó ní Mọ́ńdè.

Fawziyyah kì í dé oko ní ọjọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, bó ti ń lọ sí mọ́sálásí ló bá yà. Bó ṣe ṣí géètì, òórùn oògùn gbá a nímú. Bàbá Táíyé ló gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fín oògùn sí apá tí oògùn kò gbọdọ̀ kàn!

"Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "O ká mi mọ́ ọn. Mo rí bó o ṣe sunkún léṣìí tí kòkòrò jẹ ẹ́. Mo ní kí n máa bá ẹ lé wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tó ti hù. Gbogbo Jímọ̀."

Fawziyyah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti híjàbù funfun, ó ní apá yẹn lòun fi ń mọ̀ bóyá àgbàdo náà lè dá kòkòrò dúró fúnra rẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé tán, páǹpù bọ́ lẹ́yìn Bàbá.

"Ó mà ṣe o. Mo ti bà á jẹ́."

Fawziyyah pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. "Sà, ẹ ní kí wọ́n má wá. Oògùn ló ń gba àgbàdo yẹn là."

"Ta ló rí i?" ni Dókítà bi í, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ọkùnrin tó kọ́ Fawziyyah níṣẹ́ rèé, tó fẹ́ kí wọ́n bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

"Èmi rí i, sà."

Bàbá fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní òun kò fín àwọn tó wà lẹ́bàá gọ́tà, ibẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n lọ wo àwọn ti etí oko yẹn, tí Fawziyyah kì í kà mọ́ ti ìwádìí. Igi mọ́kànlá. Kòkòrò ti jẹ mẹ́sàn-án títí ewé wọn fi dà bí ajọ̀. Méjì ni ihò wọn kò pọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ya méjì yìí jẹ," ni Fawziyyah wí. "A ó jẹ́ kó gbẹ, ká tún un gbìn."

Dókítà kò dá àwọn àgbẹ̀ náà dúró. Nígbà tí wọ́n dé ní Mọ́ńdè, ẹ̀bá gọ́tà ni Fawziyyah kó wọn lọ tààrà, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn.

Àgbẹ̀bìnrin kan bi í pé, "Ọdún mélòó ló wá kù kó tó yọrí?"

"Mi ò mọ̀, mà."