Ẹlẹ́rìí Tí Ọkọ Mi Ránṣẹ́ Pè

Tíṣà ni Ezekiel, ọkọ mi. Ó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìsàlẹ̀ Òsì títí àwọn kan fi di lọ́yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Morádéyọ̀, àkọ́bí wa obìnrin, rí àyè wọ Yunifásítì lọ́dún 1978, bàbá rẹ̀ ní kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Babátúndé àbúrò rẹ̀ ni yóò lọ tó bá dàgbà. Inú bí mi débi pé gbogbo ọbẹ̀ mi ló ń jóná. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé bá délẹ̀, àwọn tí wọ́n bí sílé ló ń pa ẹnu pọ̀ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Dókítà Bertha, olùwádìí láti Yunifásítì, yà sílé wa. Ó ń kiri agboolé láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ó ń wádìí ìdí tí ọmọbìnrin kò fi pọ̀ ní Yunifásítì bí ọkùnrin. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ń retí ọmọ mi lọ́hùn-ún. Bí kò bá lọ, àyè rẹ̀ bọ́ nìyẹn.

Tíṣà wú àyà. "Obìnrin ò nílò ìwé rẹpẹtẹ, mà. Ẹ jẹ́ n pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá jẹ́rìí. Sítáńdáàdì Síìsì ló kà mọ, ayé ẹ̀ sì dáa."

Àǹtí Louisa wá láti Oníyanrìn. Òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ ilé, ọkùnrin àtobìnrin. Tó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí.

"Mà, kí ló dá yín dúró?" ni Dókítà bi í.

"Mo yege ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá wa ní kí n jókòó, kí Ezekiel lè lọ."

Ọkọ mi yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ìwọ tí ò ń fi bàtà tuntun yangàn kiri? Mo sunkún, o ò tiẹ̀ wẹ̀yìn! Àyè tí mo fún ẹ, mo ti gbà á padà. Morádéyọ̀ ni mo gbé e fún."

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú àlejò. Mo pariwo ayọ̀, n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ru àpótí ọmọ dé ìsàlẹ̀ Mápó. Àǹtí ti jókòó síwájú takisí, ó múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló ń lọ Yunifásítì nínú yín?" ni awakọ̀ béèrè.

"Àwa méjèèjì," ni Àǹtí Louisa dáhùn.