Kí Wọ́n Tó La Ikùn Kúlúsúmù

"Bọ́ sílẹ̀ ná, kí o tún gùn ún," ni Àbdùlsàlámì wí.

Kúlúsúmù sọ̀ kalẹ̀ lórí irin ìwọ̀n, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì tún gùn ún. Àwọn aláàárù ti lọ jẹun ọ̀sán. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé ẹrù tésàn Minna ju àwọn méjèèjì lọ, àti àwọn àpò ẹ̀pà tó ń dúró de ọkọ̀ ojúurin Èkó. Àbdùlsàlámì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ẹrù fún rélùwéè, ti irin kékeré orí ìwọ̀n náà síwájú díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá ojú ìlà ṣọ́ọ̀kì tó fà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ńṣe ló yẹ kó má tiẹ̀ dé ibẹ̀.

"Ó tún lé sí i," ló wí.

"Kí ló lé sí i? Èmi tí n kò tíì fẹnu kan ẹran láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé?"

Ọkọ rẹ̀ náà rò pé bóyá ìwọ̀n ló ń ṣe wèrè. Ó gbé àpò ẹ̀pà kan tí wọ́n ti wọ̀n láti Kano gùn ún, ìwọ̀n sì sọ ohun tí wọ́n kọ sára àpò náà gẹ́lẹ́. Kúlúsúmù wo àpò, ó wo ara rẹ̀. Ó wá bèèrè bóyá atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń mú ènìyàn sanra. Àbdùlsàlámì gbé àpò náà sọ̀ kalẹ̀.

Láti ìgbà tí Kúlúsúmù ti bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìdodo rẹ̀ ti ń yọ síta. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹyin adìyẹ, ó wá tóbi tó ọsàn. Bó bá ti dùbúlẹ̀, tó fọwọ́ tì í, á padà wọlé, kò sì kà á sí nǹkan kan. Àfi ọjọ́ kan nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tó tì í tì í tí kò wọlé mọ́. Ó bì títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ọkọ̀ ojúurin ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn kan tí àwọn òyìnbó ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà irin. Dókítà ibẹ̀ fi sùúrù tì í wọlé, ó sì ní ìfun ló ń gba ojú ìdodo jáde. Òun gbọ́dọ̀ la ikùn náà, kí òun rán ojú ihò ọ̀hún pa. Bó bá tún há síta bẹ́ẹ̀, ó lè pa á kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ òun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá ikùn Kúlúsúmù ti nípọn jù. Dókítà ní okùn tí òun bá fi rán an yóò já, oògùn oorun sì lè ṣe ẹni tó sanra tó bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá. Kó lọ fọn díẹ̀ kó tó padà wá. Ó sọ ibi tí ó fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ wà, Àbdùlsàlámì sì fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì síbẹ̀ lórí ìwọ̀n tésàn. Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, dókítà náà ń lọ sí ìlú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òmíràn yóò dé.

Ẹlòmíì ì bá máa sunkún. Ìbéèrè ni Kúlúsúmù ń bi nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ògbufọ̀. Àwọ̀ wo ni ọ̀rá inú ènìyàn? Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oorun, ibo ló ń lọ nígbà náà? Ṣé wọn á jẹ́ kí òun rí ohun tí wọ́n bá gé? Obìnrin tó fẹ́ràn àtimọ ìdí abájọ báyìí, kí Ọlọ́run má fi í ṣe aládùúgbò ẹni tó ní àṣírí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ máa fọn ní Sábóńgárì, àdúgbò wọn ní Minna, kí ojú má bọ̀ ọ́. Obìnrin tó sanra lọkọ ń tọ́jú. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí egungun ọrùn Kúlúsúmù bẹ̀rẹ̀ sí yọ, àwọn tó ń wá ra tùràrí lọ́wọ́ rẹ̀ ń kí i ní "Allah ya ba da sauki", kí Ọlọ́run mú ara dá, pẹ̀lú ìbànújẹ́. Àbdùlgàfárù, aránfìlà tó kángun sí wọn, pe Àbdùlsàlámì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá ìyàwó kejì ló ń bọ̀ lọ́nà. Ìròyìn náà dé Ìlọrin, ó sì gbé ìyá Àbdùlsàlámì wá.

Kò sẹ́ni tí í dá wọ ilé ìwòsàn. Ẹni tí yóò máa dáná fún aláìsàn gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ìyá ní òun ni. Ó ti di ìkòkò, sítóòfù, ẹní méjì àti búta àlùwàlá wá. Láti ọjọ́ tó dé ló sì ti gba ilé ìdáná, tó ń bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jà pé Haúsá ni wọ́n ń sọ ṣáá: òun ò ní fèsì, àfi kí wọ́n sọ èdè baba wọn. Kúlúsúmù ka gbogbo òfin dókítà fún un: kò gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀rá, kò gbọ́dọ̀ jẹ òróró, kò gbọ́dọ̀ jẹ iyán. Kúnú tí kò ní ṣúgà, ẹ̀fọ́, àti ẹ̀wà díẹ̀. Ìyá mirí bẹ́ẹ̀ ni, ó ní òun ti gbọ́. Ó sì ń se kúnú láràárọ̀, pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù tó ń ta sánsán dé títì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n lọ sí tésàn, oníbàárà kan wá yẹ tùràrí wò, kò tètè lọ. Nígbà tí Kúlúsúmù máa padà sídìí kúnú rẹ̀, ọyẹ́ ti mú kó tutù. Ó ṣí i, ó rí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó dì lójú rẹ̀. Ó fi ìka gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Máńṣánù ni, ọ̀rá tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń yọ lára wàrà màlúù.

Inú bí i gidigidi. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í jágbe mọ́ ìyá ọkọ. Ó gbé abọ́ náà lọ sí ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú Ìyá.

Ìyá wo abọ́ náà pẹ́. Kò jiyàn.

"Àbúrò mi, Kàbírátù, báyìí ló gbẹ kí wọ́n tó gbé e lọ bá àwọn dókítà," ló wí. "Kò padà wálé. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fọ̀bẹ gé, Kúlúsúmù, ó yẹ kó ní ẹran lára tí ọ̀bẹ máa jẹ kó tó kan ẹ̀mí."

Ìbínú Kúlúsúmù rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ti ń rò pé Ìyá kò ka òfin dókítà sí ni, kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó sì tú ìró rẹ̀.

"Ìyá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ìyá kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdodo náà. Nǹkan kan yí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì kùn.

"Kí lèyí?"

"Ìfun mi ni. Òun ló ń wá ọ̀nà jáde yẹn. Dókítà fẹ́ dí ojú ihò náà, ọ̀rá ni kò jẹ́ kó ráyè. Tó bá tún há síta, kò ní dúró de ọ̀bẹ kó tó pa mí."

Ìyá kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó tún fetí sí i. Ó bèèrè bóyá ó ń dùn ún, bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀ báyìí. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí omi orí iná fi hó dànù.

Láti ọjọ́ náà, òfin dókítà di òfin Ìyá. Àwọn tó ń wá kí Kúlúsúmù pé ó dàbọ̀ kì í wá lọ́wọ́ òfo: wọ́n ń gbé másà wá, wọ́n ń gbé adìyẹ díndín wá. Ìyá á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, á dúpẹ́ dáadáa, àwọn ọmọ á sì jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀lé tọkọtaya náà lọ sí tésàn nígbà ìkẹyìn. Irin kékeré náà dúró lórí ìlà pupa. Ó ní kí ọmọ òun tún un wọ̀n, nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ̀n náà lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kò yí i padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, bí Kúlúsúmù ti ń yẹ ẹrù ilé ìwòsàn wò, ó rí igbá máńṣánù láàárín ìkòkò àti ẹní.

"Ìyá, kí lèyí ń wá níbí?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n bá rán ọ tán ni. O ò tíì ní fọwọ́ kàn án." Ìyá gbójú kúrò lára rẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kó wà nítòsí."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Kúlúsúmù rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó yọ igbá náà kúrò nínú ẹrù, ó gbé e lọ sórí pẹpẹ ilé ìdáná.

"Ẹ jẹ́ kó wà nílé, Ìyá. Ibí ni màá ti jẹ ẹ́."

Ìyá wò ó títí. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo igbá náà kí eruku ọyẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kó lè dá a lójú pé wọ́n gbọ́ ọ yé, Haúsá díẹ̀ tó ti rí kó ní Minna ló fi bá wọn sọ̀rọ̀.

"Kada ku taba," ló wí. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ti ìyá wọn ni, ó ń padà bọ̀ wá jẹ ẹ́.