Àmì Tí Làmídì Kò Fi Sí I

Àwọn ọ̀bọ tò sẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ní ìlà méjì, àwọn tí ara wọn le lápá ọ̀tún, àwọn tí àìsàn ń ṣe lápá òsì, oníkálùkù sì di ìgò ìgbẹ́ tirẹ̀ mú bí aboyún ṣe ń di káàdì mú ní ọsibítù. Iṣẹ́ Làmídì ni láti gba ìgò, kí ó sì kọ ìlera ẹni tó ni ín sí i lára. Igi ìrókò kan ti hù láàárín tábìlì rẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́.

Bàbá Ògúnríndé wọlé. Bàbá yìí ló máa ń mú Làmídì àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ wọgbó nígbà ayé rẹ̀, kò sì sí ọ̀bọ tó wò tí kò ní mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Ó ti kú láti èṣí, ṣùgbọ́n bàtà rọ́bà rẹ̀ ṣì ń kán omi odò sílẹ̀. Làmídì dọ̀bálẹ̀. Ìgò kan ni bàbá gbé síwájú rẹ̀, Làmídì sì dá ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ mọ̀: "Ara re o da."

Ojú tì í gan-an. "Ara rẹ̀ ò dá" ni bàbá wí nípa ọ̀bọ tó ni ín lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí Làmídì fi àmì sí i. Àwọn ọ̀gá kà á sí "ara rẹ̀ ó dá", wọ́n ní yóò gbádùn láìpẹ́, wọ́n sì tú ọ̀bọ náà sílẹ̀ sáàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Mọ́kàndínlógún ló kú. Nígbà tí wọ́n bi Làmídì, ó ní bí bàbá ṣe pè é lòun ṣe kọ ọ́. Wọ́n lé bàbá lẹ́nu iṣẹ́, ìtìjú yẹn ló sì bá lọ sọ́run.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín. Wọ́n ní kí Làmídì má da ara rẹ̀ láàmú, pé àtọ̀bọ tó le, àtọ̀bọ tó ń ṣàìsàn, inú gbogbo wọn làwọn ń gbé. Àmì ì báà wà, kó má wà, ẹni tó máa kú á kú. Ara tù ú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pé ọdún méjì, ó sì ti rí alágbàwí.

"Mi ò bi ọ́ ní ti kòkòrò," ni bàbá wí. "Ta ló ní èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ọ̀bọ yíjú sí Làmídì. Abiyamọ kan láàárín wọn, tó pọn òkú ọmọ rẹ̀, na báírò sí i. Bó ṣe gbà á ni yàrá náà di ẹ̀yìnkùlé bàbá. Opó rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń lọ ata, kò gbójú sókè.

"Ṣé lóòótọ́ ni ọkọ mi ò dá ọ̀bọ tó ń ṣàìsàn mọ̀ mọ́?" ló bi í.

Làmídì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ń sunkún. "Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn, ìyá. Èmi ni mo kọ ọ́!"

Igbe náà ló jí i. Oòrùn ọ̀sán ti dé orí ẹní rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Múínátù ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ ẹ̀gúsí tó ń bó dúró, ó ń wò ó.

"Bàbá Rófíà, kí lẹ kọ?"

Làmídì nu itọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan.